Ẹ̀gbọ́n Tó Kọjá sí Òdìkejì

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlámipọ̀. Wọ́n na ọwọ́ náà títí nígbà tó wà ní kékeré, kò gbọ́. Òun ló fi ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní pólì Ìlaró, òun náà ló sì fi ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ní. Ńṣe ló ń dorí rẹ̀ kodò, okùn tó yẹ kó wà lókè á wà nísàlẹ̀, ìka rẹ̀ á máa wá ohùn kiri bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olúfúnmilọ́lá, tó máa ń kó aṣọ wá tà láti Kútọnu, ló ra gìtá náà fún un. Ó gbá a mọ́ àyà lórí ọ̀kadà láti ibodè títí dé Ìjoun. Òjò pa á, kò jẹ́ kí òjò pa gìtá. Nígbà tó bi í pé ṣé ó bá a lọ́wọ́ mu, Ọlámipọ̀ ní ó bá òun mu dáadáa. Ta ló máa jìyà tó báyẹn nítorí rẹ, kí o wá ní òdì ló rà?

Ó wá gbọ́ nípa Fágbénró, ará Ìkirè kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gìtá ní Ayétòrò. Ọkùnrin náà fi okùn wọn ọwọ́ òsì rẹ̀ ní ìka dé ìka, ó ní òun lè kan èyí tó bá a mu, kí ó fi gìtá Kútọnu ṣe pàṣípààrọ̀. Inú Ọlámipọ̀ dùn dé ọrùn.

"Ìwọ lo rà á, àbí ẹ̀bùn ni?" Fágbénró bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi, sà."

"Ṣé wọ́n gbọ́ sí i? Mi ò kì í gba ẹ̀bùn láìjẹ́ pé ẹni tó fúnni mọ̀. Ó ti dá ìjà sílẹ̀ rí ní ìsọ̀ mi yìí."

"Wọ́n ti kọjá sí òdìkejì."

Òótọ́ ló sọ. Ní ilẹ̀ Yewa, bí wọ́n bá ní ènìyàn kọjá sí òdìkejì, ibodè ló kọjá, ó lọ ná ọjà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òdìkejì kan ṣoṣo ni ará Ìkirè mọ̀. Fágbénró ṣí fìlà.

"Háà! Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á sì dá ẹ̀yin tó kù sí."

Ọlámipọ̀ la ẹnu láti ní rárá, ọjà ni wọ́n lọ. Àmọ́ ó rí i pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá jí, àfi kí òun lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun sì jẹ́wọ́ irọ́ ọdún mẹ́fà. Ó pa ẹnu ọ̀hún dé. Ó dorí kodò, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Fágbénró tilẹ̀ ṣèlérí pé nítorí ọ̀fọ̀ yìí, igi tó dára jù ní ìsọ̀ ni òun máa lò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Olúfúnmilọ́lá ti ti ọjà dé, ó ń ká aṣọ lórí ẹní. Ọlámipọ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ẹ̀gbọ́n sì bá a gbé e. Ìgbà tí yóò fi jáde, obìnrin náà ti jókòó jẹ́ẹ́, fóònù wà lórí itan rẹ̀.

"Bọ́n," ó ní, Faransé ọjà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọkùnrin kan ní gìtá ẹ ti parí. Mo ní èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n wo, ṣebí ẹ̀gbọ́n ẹ ti kú. Ìgbà wo ni mo kú, Ọlámipọ̀?"

Ọlámipọ̀ jókòó sí etí ẹní. Ó rò ó fún un, látorí gìtá òdì dé orí òdìkejì. Olúfúnmilọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi òdìkejì, àmọ́ kò rín in.

"Nígbà tó kí ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí lo dá a lóhùn?"

"Mo ní ẹ ṣé."

Obìnrin náà gbé fóònù kúrò lórí itan. "O ò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́ torí gìtá," ó ní, "o wá jẹ́ kí n kú torí ẹ̀."

Ká ní ilẹ̀ lanu, Ọlámipọ̀ ìbá wọ inú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí. Mi ò pààrọ̀ ẹ̀ mọ́."

"Má fi gìtá bẹ̀ mí. Ẹnu tí o pa mọ́ ló pa mí. Pe ọkùnrin náà, kí o la ẹnu ọ̀hún níṣojú mi."

Ó pè é, ó sì gbé ohùn fóònù síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ayùn ń dún lẹ́yìn Fágbénró.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀gbọ́n mi ò kú. Ọjà ni wọ́n lọ. Ẹ ṣì mí gbọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ ṣì mí gbọ́. Mo dákẹ́ kí n lè rí gìtá gbà."

Ayùn dáwọ́ dúró.

"Gbogbo àdúrà tí mo ṣe yẹn, o gbà á lọ́wọ́ mi?"

"Mo gbà á, sà."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ọwọ́ Ọlámipọ̀ ni òun fi wọn gìtá náà, kò lè wúlò fún ẹlòmíràn. Àmọ́ òfin òun kò yí padà. "Ṣé wọ́n fọwọ́ sí i?"

Ọlámipọ̀ ń gbàdúrà lọ́kàn pé kí ẹ̀gbọ́n òun kọ̀. Bí ó bá bú òun, bí ó bá ní láéláé, ìtìjú òun ìbá dín kù díẹ̀. Olúfúnmilọ́lá na ọrùn sí fóònù.

"Mo wà láàyè, sà," ó ní, "mo sì fọwọ́ sí i."

Ó fa aṣọ mìíràn sún mọ́ra, ó ń ká a lọ.