Kókó Ara Gbòǹgbò Ẹ̀wà

Lọ́jọ́ tí Àlàbá fa ẹ̀wà Oyèdélé tu lójú gbogbo ìjọ, gbòǹgbò rẹ̀ ló gbé sókè, ó ní kí wọ́n wo àwọn kókó wínníwínní tó so mọ́ ọn.

"Àrùn rèé. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, yóò ran gbogbo ilẹ̀."

Oníṣòwò àti káfíńtà ló pọ̀ jù nínú ìjọ àwọn Yorùbá ní Kùmásí, ní Gánà, nígbà náà. Ta ló ń wo ìdí ẹ̀wà? Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n dáná sun ẹ̀wà náà, wọ́n gba ilẹ̀ ìjọ tí Oyèdélé ń dáko sí lẹ́yìn àdúgbò Ayigya, wọ́n sì fi fún Àlàbá.

Àlàbá sì mọ̀ pé irọ́ ni. Oko ẹ̀pà bàbá rẹ̀ ló tìtorí rẹ̀ fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ẹ̀pà tó yè kooro tí kì í ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni pé Oyèdélé tún ọ̀rọ̀ kan tó ṣì kà ṣe fún un níbi tó ti ń ka Bíbélì, àwọn ọmọdé sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, "Bàbá Oníkókó" ni wọ́n ń pe Oyèdélé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gba irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àgbàdo Àlàbá kọ́kọ́ ṣe dáadáa níbẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó ń rù. Bí Àlàbá bá sì ti rí Oyèdélé lọ́nà, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Nígbà tí ìjọba ní kí oníkálukú gbin oúnjẹ tí yóò jẹ, ìjọ pe Kwaku, tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ ní yunifásítì, pé kó wá wo àgbàdo náà. Kwaku fa ẹ̀wà kan tó lalẹ̀ hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tu. Ó fi èékánná la kókó kan. Inú rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀, bakitéríà. Ẹ̀wà ń bọ́ wọn, àwọn náà ń mú nǹkan nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún un. Ẹ gbin ẹ̀wà síbí, kí ẹ fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Àgbàdo tó bá tẹ̀ lé e á rí jẹ."

"Ei, Awurade! Olúwa o!" Màmá Bertha, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, pariwo. "Kókó tá a dáná sun nìyẹn!"

Gbogbo ojú yí sí Oyèdélé, tó dúró lẹ́yìn pátápátá.

Alfred, olórí ìjọ, yára dá sí i. "A ò mọ̀ ni. Àlàbá gan-an ò mọ̀. Àṣìṣe ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbin ẹ̀wà síbẹ̀ lọ́dún yìí."

"Kó wá gba irúgbìn lọ́dọ̀ Bàbá Oníkókó," Oyèdélé wí. "N kì í fi àrùn du èèyàn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oyèdélé ò rẹ́rìn-ín.

"Àbí, Bọ̀dá Àlàbá?" Alfred tún bi í. "Ṣebí ẹ ò mọ̀?"

Kí Àlàbá ṣáà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ojú ti Àlàbá.

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wí?" Màmá Bertha bi í.

"Mo ní mo mọ̀." Ó yíjú sí Oyèdélé. "Ọjọ́ tí mo fa ẹ̀wà rẹ tu, mo mọ̀ pé kì í ṣe àrùn. Mo purọ́ mọ́ ọ."