Ajá Méjì, Àgbàlá Kan

Nígbà tí obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì àti ọkùnrin wẹ́dà fẹ́ fẹ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ìfẹ́ wọn jinlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu tẹbí tọ̀rẹ́: àwọn ajá yìí ńkọ́? Ìbéèrè náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Obìnrin náà ní ajá rọ́tíwailà dúdú kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la, tí orí rẹ̀ tóbi bí ìkòkò. Ọkùnrin náà ní ajá bóábúù ràbàtà kan tó ń jẹ́ Jẹ́ńsinmi, tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sinmi. Bó bá fara ti ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn á kérora. Akọ ni àwọn méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbà pé òun ni ọba ilé òun.

Ọmọ méjì ló tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà ní ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé á rojọ́ títí kó tó fọ ife kan. Ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́, nítorí pé jẹ́jẹ́ ni gbogbo ìṣe rẹ̀. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ló ra Jẹ́ńsinmi lọ́mọ kékeré kó tó di olóògbé, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé ìyẹn nílé náà.

Màmá Àgbà, ìyá wẹ́dà, ló ṣe òfin. Ó ní òun ò lòdì sí ìgbéyàwó, òun ò sì kórìíra ajá, àmọ́ ọjọ́ tí àwọn ẹran ńlá yìí bá jà níbi tí ọmọ wà, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ìjà náà ò ní sùn nílé yìí mọ́. Ilé ìlagi àbúrò wẹ́dà ni yóò lọ, kó lọ máa ṣọ́ pákó. Gbogbo wọn gbà, tọmọdé tàgbà.

Ìyàwó gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ àyà rẹ̀ ń já. Láti ìgbà tí bàbá Lọ́yà ti kú, ẹnu ọ̀nà yàrá òun àti ọmọ rẹ̀ ni Tanímọ̀la ń sùn. Kó tó gbà fún wẹ́dà, ó pe ọmọ náà jókòó, ó ní, "Kò sí ohun tìrẹ kankan tí ìgbéyàwó mi máa gbà lọ́wọ́ rẹ." Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Jẹ́ńsinmi lójúkojú ló mọ̀ pé ìlérí náà ju agbára òun lọ.

Wọ́n ṣègbéyàwó, gbogbo wọn sì kó sínú ilé kan náà. Ká má purọ́, iṣẹ́ ni. Dókítà ẹranko, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ti sọ fún wọn pé ajá ńlá méjì tó jẹ́ akọ kì í fi ọjọ́ kan dọ̀rẹ́. Wẹ́dà jó irin pọ̀, ó fi géètì pín àgbàlá sí méjì. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á mú àwọn ajá náà jáde lọ sí òpópónà tí kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn, ọkọ lápá ọ̀tún, ìyàwó lápá òsì, bí ọjọ́ sì ti ń lọ ni wọ́n ń sún mọ́ ara wọn. Àwọn aládùúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni tọkọtaya tuntun ń dì mú, pé tàwọn yìí, okùn ajá ni. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, wọ́n á ti géètì. Abọ́ á kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun tàbí tó ń sùn, kò sì gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú wọn láìsí àgbà nítòsí. Nígbà tó yá, àwọn ajá náà mọwọ́ ara wọn. Wọ́n á nà gbalaja sábẹ́ ògiri kan náà, ọ̀kan á gbé orí lé ẹ̀yìn èkejì, wọ́n á máa hanrun bí àwọn bàbá tó jẹun yó.

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, àmọ́ kò tíì sí òjò tó lè kó Lọ́yà àti Pẹ̀lẹ́ pọ̀. Lọ́yà á ní ajá òun gbọ́n ju ti Pẹ̀lẹ́ lọ. Pẹ̀lẹ́ ò ní jiyàn. Á kàn sọ fún bàbá rẹ̀ pé "ọmọ yẹn" tún ti bẹ̀rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, wẹ́dà wà níbi iṣẹ́. Màmá Àgbà jókòó sórí àga nínú àgbàlá, òun ni àgbà tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Géètì wà ní ṣíṣí, àwọn ajá nà sábẹ́ ògiri. Ìyàwó ń po ìyẹ̀fun nínú yàrá tí ààrò wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà nílé, nítorí náà àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń gbá a láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́yà fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó forúnkún gbálẹ̀, ó figbe ta. Jẹ́ńsinmi, tí kò lè rí ẹni tó ń sunkún kó má lọ wò ó, sáré débẹ̀, ó dúró lé e lórí, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Tanímọ̀la gbójú sókè. Ohun tó rí ni ajá ńlá kan lórí ọmọ rẹ̀. Kò béèrè, ó fò mọ́ Jẹ́ńsinmi lọ́rùn.

Ìyàwó rí gbogbo rẹ̀. Ó sáré jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, ó ní kí Lọ́yà yí kúrò níbẹ̀, kí Pẹ̀lẹ́ dúró lójú kan, kó má sáré. Dókítà ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ la ajá níjà á kábàámọ̀ ọwọ́ náà. Garawa omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gbé, ó dà á lé wọn lójú. Wọ́n tú ká, wọ́n ń gbọn etí. Ó mú Tanímọ̀la wọ ẹ̀yìn géètì, ó tì í. Etí Jẹ́ńsinmi ti ya. Lára àwọn ọmọ, orúnkún kan tó bó ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Àgbà ti dìde lórí àga, ó ń bi gbogbo ayé pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí dókítà ti rán etí náà, wọ́n pé sí pálọ̀. Màmá Àgbà fẹ́ mọ ajá tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní àdúrà lòun ń gbà lásìkò náà, ojú òun sì wà ní dídì. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà náà hanrun díẹ̀.

Lọ́yà, tó máa ń bá ògiri jiyàn, sorí kọ́. Ìyàwó wo ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ bà jẹ́ gidigidi. Tó bá sọ̀rọ̀, ajá ọmọ rẹ̀ lọ, ìlérí rẹ̀ sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹ̀bi lè bọ́ sórí ajá tí òkú fi sílẹ̀. Ó la ẹnu, àmọ́ Pẹ̀lẹ́ ti ṣáájú rẹ̀.

"Ajá mi ni. Jẹ́ńsinmi ló bẹ̀rẹ̀."

Lọ́yà gbórí sókè. "Irọ́ ni, Màmá. Tanímọ̀la ni. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo rí i."

"Kò rí nǹkan kan. Ó ń sunkún, omijé ti dí i lójú."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi gbogbo agbára ka ẹ̀sùn sí ajá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wẹ́dà ń wò wọ́n bí ẹni tó ṣìlé wọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ìyàwó wí. "Tèmi ló bẹ̀rẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó rò pé wọ́n fẹ́ ṣe ọmọ léṣe ni."

Màmá Àgbà yíjú sí Pẹ̀lẹ́, ó bi í ìdí tó fi parọ́ mọ́ ajá ara rẹ̀.

"Ajá ẹ̀gbọ́n mi ni," Pẹ̀lẹ́ dáhùn, ó ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀. "Tí wọ́n bá mú un lọ, ẹ̀gbọ́n mi ò ní lè sùn. Tèmi, mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè lé e."

Kò sẹ́ni tó bi í pé ẹ̀gbọ́n wo. Lọ́yà kọjú sí ògiri, ó ń fi ọwọ́ nu imú.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," Màmá Àgbà wí. "Mo wà lọ́jà, mo sùn, orí wọ́. Kì í ṣe ajá kankan ló bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí. Ó dáa, ẹ lọ kó ẹrù mi, mò ń lọ ilé ìlagi."

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bá a gbà á. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó máà lọ. Wọ́n jọ fẹnu kò pé géètì á wà ní títì fúngbà díẹ̀, pé wọ́n á tún rírìn òpópónà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pé bọ́ọ̀lù àti ajá ò ní wà lágbàlá pọ̀ mọ́. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gba àga òun, kí wọ́n fún òun ní àpótí tí kò lẹ́yìn, kí oorun má rí ibi fara tì.

Ìyàwó padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀, tó ti wú kọjá ẹnu ọpọ́n. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń pò ó, ó ń sunkún. Ó gbọ́ ohùn Pẹ̀lẹ́ lágbàlá, tó rọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bomi fún Jẹ́ńsinmi. Etí ń dùn ún."

Lọ́yà ò rojọ́ kankan. Ó gbé abọ́ méjì, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ajá àbúrò rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ fún.