Ilé Ìwé Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Ẹnu Abẹ́rẹ́ mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ lọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun náà sì ń jẹ́ ẹ, torí iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ẹ lọ béèrè ní gbogbo òpópónà náà, kò sí télọ̀ tó ń rán kọ́là ọrùn ẹ̀wù bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu! Ẹnu yẹn ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bá a.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ni ọmọ náà fi ń jí, ẹ̀rín náà ló fi ń sùn. Lọ́jọ́ kan, Ẹlẹ́rìn-ín ti ilé ìwé dé, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í títí kó tó sọ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ kan kà ni, tíṣà wá pe òun ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Háà! Abẹ́rẹ́ ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi dé ilé ìwé. Ọ̀dọ́ ni tíṣà náà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ.

"Ìwọ ta ni? Ọmọ tí mo lóyún ẹ̀, tí mo pọ̀n dàgbà, ìwọ lo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu bà á jẹ́ fún mi? Ẹni tó bá lè pe ọmọ ọlọ́mọ ní olódo, kò yẹ kó sún mọ́ ọmọ rárá! Ẹlẹ́rìn-ín, gbé báàgì ẹ. A ò padà síbí mọ́ láé."

Tíṣà ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu òun ni, òun ò ní i lọ́kàn.

"Irọ́ ni!" Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lẹ́nu èèyàn bí kò bá ti wà níkùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Bó ṣe délé, ó kéde. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òun fúnra òun ló máa kọ́ ọmọ òun nínú ilé, kò sí ẹni tó máa tún jágbe mọ́ ọn láyé yìí. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí ẹnu rẹ̀ kì í sábàá là bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ jẹun. Ó ní, "Ó dáa." Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, nọ́ọ̀sì ni, Àǹtí Àgbà ni wọ́n ń pè é. Òun ló tọ́ ọkùnrin náà dàgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ nínú ilé yẹn. Ó pè wọ́n lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, mi ò ní o ò lè ṣe é o. Àmọ́ tí táàmù yìí bá ń parí lọ, màá wá kí yín, màá sì ní kí ọmọ yẹn kàwé sí mi létí. Tí kò bá lè kà á, ọ̀dọ̀ mi ló máa máa gbé. Ilé ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi."

Abẹ́rẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tún ní, "Ó dáa." Oríṣi "ó dáa" kan ṣoṣo ló ní. Láti ọjọ́ náà ni àyà Abẹ́rẹ́ ti ń já. Ọmọ kan ṣoṣo, kí wọ́n wá gbé e lọ mọ́ ọn lọ́wọ́! Kò ní ṣẹlẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó ṣe máa ń gé aṣọ náà ló ṣe gé pálọ̀. Ó fi tépù wọn ilẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó rán kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù kan tó nípọn, ó fi pín yàrá náà sí méjì. Apá ìta jẹ́ ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tábìlì tó fi ń gé aṣọ àti àga oníbàárà. Apá inú jẹ́ ilé ìwé. Tábìlì àtijọ́ kan wà nílé, ó ní kí ọkọ òun fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n kó tó gé e, Abẹ́rẹ́ fi tépù wọn ọmọ náà láti orúnkún dé gìgísẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ìrépé aṣọ oníbàárà ló fi gé gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì, ó rán wọn mọ́ aṣọ funfun kan, ó gbé e kọ́ ògiri. Àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ, bọ́tìnnì ló fi ṣe é. Ó wá mú bébà ńlá tí wọ́n fi ń gé pátánnì, ó to ẹ̀kọ́ sí i. Ìwé kíkà ni àárọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ìṣirò pẹ̀lú bọ́tìnnì, lẹ́yìn ìyẹn ìwé kíkọ lórí síléètì, kí wọ́n tó wá ya àwòrán.

Ká sòótọ́, ó rẹwà. Kò sí oníbàárà tó wá gba aṣọ tí kò ní mú wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Ẹ wá wo ilé ìwé wa!" Wọ́n á lanu, wọ́n á ní, "Abẹ́rẹ́, orí ẹ pé o!" Òun náà á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un sọ.

Ohun kan ló ṣe tí kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ó kọ ojú tábìlì ọmọ náà sí ògiri, kó má baà máa wo oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ní apá ìta, ó ká kọ́tìnnì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, ó ń fi ẹnu kọ́ ọmọ. Ọmọ ò rí ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́ lẹ́yìn orí.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Ẹlẹ́rìn-ín ń ka bọ́tìnnì, ó ń fi wọ́n ṣe ojú, ó ń fi wọ́n ṣe imú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ìparí táàmù ń sún mọ́lé, ara Abẹ́rẹ́ ò balẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bí òun náà ṣe kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ kì í gbà kéèyàn tún ojú ibi kan rán. Tí ìrán bá wọ́ níbi tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ọ̀gá á pariwo, "Tú u!" O ní láti tú gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Abẹ́rẹ́ ti gún. Kò sì mọ ọ̀nà mìíràn téèyàn ń gbà kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Nítorí náà, tí Ẹlẹ́rìn-ín bá kọ ìlà kan sórí síléètì, tí lẹ́tà kan wọ́, "Tú u!" Ọmọ á fi àkísà nu gbogbo rẹ̀. Tó bá ka ojú ìwé kan, tó ku díẹ̀ kó parí, tó wá ṣi ọ̀rọ̀ kan, "Tú u! Bẹ̀rẹ̀ látòkè!" Ìyá ò ní gbójú sókè lórí ẹ̀rọ.

Díẹ̀díẹ̀, ohùn ọmọ náà ń lọ sílẹ̀. Ó di pé ètè nìkan ló ń mì. Ó di pé kò mì mọ́. Bí ọmọ ṣe ń dákẹ́ ni ìyá ń pariwo. Ohun tí Abẹ́rẹ́ ń sọ láàárín ariwo ẹ̀rọ, mo fẹ́ gbà pé òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ á máa dá a lẹ́bi díẹ̀, kò mọ ìdí. Á kó ìrépé aṣọ jọ, á rán ọmọláǹgidi fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ọmọ á dúpẹ́, á kó wọn wọ abẹ́ tábìlì kékeré rẹ̀.

Àǹtí Àgbà dé. Wọ́n ti nu ilé, ó ń dán. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì abẹ́ Ẹ, ó mi orí.

"Ìyàwó wa, mo túúbá. Iṣẹ́ ọpọlọ lèyí."

Inú Abẹ́rẹ́ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Wọ́n padà sí apá ìta, wọ́n jókòó ti ọkọ Abẹ́rẹ́, wọ́n pe ọmọ. Ìtàn adìyẹ tí wọ́n ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́ ni kó kà. Ẹlẹ́rìn-ín gba ìwé. Kò wo ìwé, ẹnu ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Kà á fún Àǹtí, ọmọ mi àtàtà," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni. Ọmọ ò fọhùn. "Ṣebí o mọ̀ ọ́n kà? Ìyá adìyẹ... ó yá..." Ọmọ ò fọhùn. "Àǹtí mi, ojú yín ló ń tì í. Òtútù náà tún mú un lánàá."

Àǹtí Àgbà rọra gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó tún dá a padà fún un. "Ó tó. Máa lọ ṣeré, ìyá mi." Nígbà tí ọmọ ti wọlé sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ní, "Ìyàwó wa, o gbìyànjú. Bá mi kó aṣọ ẹ̀ jọ."

"Àǹtí mi, ẹ ṣàánú mi! Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, ṣé o ò ní bá mi bẹ̀ wọ́n ni?" Omi ti lé sójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó já gaara. "Ìyá adìyẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Ó ní kí wọ́n má rìn jìnnà. Àṣá ń bẹ lókè. Ẹ wá sábẹ́ apá mi."

Abẹ́rẹ́ gbá ọwọ́ Àǹtí Àgbà mú. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín! Ó ń kà á! Mo ti ń sọ fún yín!" Àǹtí Àgbà náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìka lé ètè pé kí wọ́n dákẹ́, kí ọmọ máa bá a lọ.

Ọmọ ń bá a lọ. "Ó yá, ìwọ náà, kà á." Ohùn tínínní kan tẹ̀ lé e, ti ọmọláǹgidi: "Ìyá adìyẹ... kó... kó..." Lẹ́yìn náà ni ohùn kẹta wá, ohùn àgbà, pẹ̀lú òṣé rẹ̀ àti gbogbo ìwọ́hùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré kan sì ń lu ilẹ̀ gìdì-gìdì-gìdì bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Tú u! Mo ní kí o tú gbogbo ẹ̀! Ṣé etí ẹ di ni? Olódo! Olódo ọmọ! Tí wọ́n bá wá gbé ẹ, máa bá wọn lọ, kí n ráyè sinmi!"

Gìdì-gìdì-gìdì. Ohùn tínínní tún dé. "Ẹ má bínú, Màámi. Mi ò ní kà á síta mọ́, kí n má baà ṣì í."

Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ bọ́ kúrò lára Àǹtí Àgbà. Ó fẹ́ sọ pé ilé ìwé yẹn lọmọ ti kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, "Tíṣà yẹn ló..." Ṣùgbọ́n tíṣà ò mọ "tú u". Tíṣà ò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá wọ inú rẹ̀ lọ.

"Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín," ó ní, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, "ṣé bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn?"

Ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ojoojúmọ́ ni. Mo rò pé ìwọ náà ń gbọ́ ara ẹ ni. Èmi náà jẹ̀bi, mo dákẹ́."

Ká ní Àǹtí Àgbà jágbe ni, Abẹ́rẹ́ ì bá rí ohun tó máa sọ, torí ìjà kì í tì í lójú. Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì ni Àǹtí Àgbà kàn ń wò. Abẹ́rẹ́ dìde, ó fa kọ́tìnnì.

Ẹlẹ́rìn-ín wà lábẹ́ tábìlì. Ó ti to àwọn ọmọláǹgidi sílẹ̀, ó kọ ojú gbogbo wọn sí ògiri. Bó ṣe rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kíá ló fi àtẹ́lẹwọ́ nu síléètì tó wà níwájú rẹ̀.

"Mo ti tú u, Màámi. Mo ti tú gbogbo ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ wo síléètì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Ó yíjú padà sí Àǹtí Àgbà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé e lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé ìwé, màá mú un padà síbẹ̀. Iwájú àwọn ọmọ tí mo ti bú tíṣà yẹn náà ni màá ti bẹ̀ ẹ́."

Àǹtí Àgbà sún mọ́ ọn. "Mi ò ní gbé e," ó ní. "Àmọ́ ṣé tíṣà nìkan lo fẹ́ bẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ wo Àǹtí Àgbà, ó wo ọmọ. Ó rọra fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀, láàárín ìrépé aṣọ. Ìyá, níwájú ọmọ ọdún mẹ́fà! Ọkọ rẹ̀ gbójú kúrò, kò lè wò ó. Abẹ́rẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹkún ló kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀rù ba Ẹlẹ́rìn-ín. Kò rí irú ìyẹn rí. Ó yára jáde lábẹ́ tábìlì, òun náà kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ. Màá kà á."

Ó sì fa ìwé náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè.