Ohun Tó Wà Nínú Eruku Eck

Ọjọ́ tí Eck Baillie kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa ní Glasgow, a rò pé olùkọ́ ló dé. Ariwo rọlẹ̀, kálukú ń ṣí ìwé. Ó rìn wọ àárín wa, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fa bírò mẹ́ta tó fi rọ́bà so pọ̀ yọ nínú àpò, ó ní:

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ yéé wò mí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó mọ nǹkan lẹ ń dúró dè, kì í ṣe èmi."

Ẹ̀rín pa wá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni nígbà yẹn. Èmi, Ishbel Rennie, ọmọ Girvan létí òkun, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo kíláàsì ti ń pè é ní Da, bí ọmọ Glasgow ṣe ń pe bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a wá kọ́ ni kẹ́mísírì àwọn ohun tí ayé fi ń ṣe nǹkan: irin, gíláàsì, amọ̀ sísun, ohun tó wà nínú bátìrì. Ọdún márùn-ún gbáko ni, torí oyè másítà ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dé òpin, wọ́n á já a sí oyè kékeré ọlọ́dún mẹ́rin, á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Eck ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní iléeṣẹ́ bíríkì kan ní Auchenlarrie, abúlé tí wọ́n bí i sí. Kì í ṣe bíríkì ilé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bíríkì tí wọ́n fi ń tẹ́ inú iná ìléru ni, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Nígbà tí àwọn tó ń yọ́ irin ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó nílò bíríkì mọ́, iléeṣẹ́ náà bá kógbá sílé. Àwọn ọkùnrin yòókù lọ ń wa ọkọ̀, àwọn míì lọ ń ṣọ́ géètì. Eck ní òun ń lọ sí yunifásítì.

Mo bi í pé kí ló dé tó yan irú wàhálà yìí.

"Mo ti ń sun bíríkì láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù dáadáa. Iná á jó débi tí irin á di omi, bíríkì mi á dúró gbọnin. N ò mọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n tó kú."

Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Ìṣirò le fún un bí òkúta. Mo máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, màá ṣàlàyé, á fọwọ́ pa orí, á ní, "Tún un sọ, Ishbel, kí o rò pé ajá lò ń bá sọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n tó bá di ti iná, ọ̀gá wa ni. Ìgbà kan mo fẹ́ fa àwo amọ̀ jáde nínú ẹ̀rọ iná tí a fi ń sun amọ̀, ó gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ pa á ni? Ohun tó ti inú iná jáde, òtútù ló ń bẹ̀rù, bí ọmọ tuntun. Jẹ́ kó sinmi."

"Da, ìwé ní ká fà á jáde."

"Ta ló kọ ìwé? Ó ti sun bíríkì rí?"

Mo fi àwo náà sílẹ̀ síbẹ̀. Àwo tèmi nìkan ni kò là lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀, Senga, a máa di búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún un lójoojúmọ́, á sì di èyí tó jẹ́ tèmi sí i. Mi ò tíì rí obìnrin náà rí nígbà yẹn, mo kàn ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Eck máa ń húkọ́. A ti mọ ìró ikọ́ náà débi pé tí a bá gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀, a mọ̀ pé Da ń bọ̀. Láàbù wa wà ní àjà kẹta, Eck kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni bá a gbé báàgì. Mo ní kó yéé mu sìgá. Ó ní òun ò mu sìgá rí láyé òun.

"Ikọ́ bíríkì ni. Gbogbo wa la ní in. Ọdọọdún ni ọkùnrin kan máa ń wá láti ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé rẹ̀, á ní, 'Amọ̀ lásán ni, amọ̀ kì í pa èèyàn.' A ó bu ọwọ́ lù ú, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ní òpin ọdún kẹta, ìdánwò kan wà tó máa ń já àwọn èèyàn sí oyè kékeré. Eck fi máàkì méjì péré yè é. Ó gbé mi mọ́ra níwájú gbogbo ayé, ó ń húkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Oṣù kẹwàá ọdún kẹrin ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Olùkọ́ wa, Pettigrew, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í wo ojú èèyàn, ń kọ́ wa nípa yanrìn. Ó ní tí yanrìn bá wà nínú iná tó gbóná dé ibì kan, kò ní yọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ iná á tún inú rẹ̀ tò. Ohun kan náà ni ṣáá, ṣùgbọ́n ó ti di nǹkan míì, orúkọ rẹ̀ á sì yí padà sí kírísítóbáláìtì. Ó ya àwòrán rẹ̀ sára pátákó. Lẹ́yìn náà ó fi kún un, bí ẹni rántí nǹkan, pé, "Ẹ má jẹ́ kí eruku rẹ̀ wọ imú yín o. Ó burú fún ẹ̀dọ̀fóró ju yanrìn gan-an lọ. Ó máa ń gbé ibẹ̀ ni, kì í jáde."

Bírò Eck dúró.

Nígbà tí a parí, ó lọ bá a nídìí tábìlì.

"Ìwọ̀n ooru mélòó?"

"Tó bá ti tó bí egbéje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ooru tí a fi ń sun tiwa ju egbéje lọ," ni Eck wí. Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé àpò ọ̀rá kan wá. Jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó ti so rọ̀ nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti ọjọ́ tí iléeṣẹ́ ti kógbá. Ó ní Senga ti fẹ́ fọ̀ ọ́ nígbà àìmọye, òun ò jẹ́.

"Ishbel, ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yẹn lò jù. Bá mi wò ó."

Ẹ̀rọ tó ń wí máa ń tan ìtànṣán sí ìyẹ̀fun, irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù. Kọ̀ǹpútà á wá ya ìlà kan tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí òkè. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí òkè tirẹ̀ ti máa ń yọ. Kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa, ó sì yẹ kí n gbàṣẹ. N ò gba àṣẹ kankan. A gbọn àpò jákẹ́ẹ̀tì náà sórí bébà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, eruku funfun díẹ̀ jáde, kò kún ṣíbí. Mo tẹ́ ẹ, mo sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró. Ó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìlà náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó rìn pẹrẹsẹ, ó sì gòkè lójijì, ó ga ṣóńṣó bí orí ilé ìjọsìn. Mo mọ ibi tó ti gòkè: ibi tí kírísítóbáláìtì ti máa ń yọ ni. Ìbá ṣe pé ẹlòmíì ni, ǹ bá parọ́ fún un. Ǹ bá ní amọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, títí tó fi mọ̀ ọ́n.

Ó na ìka sí i. "Òun nìyẹn, àbí?"

"Òun ni, Da."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta."

Ó ní, "Tam Gilfillan tí a jọ ń sun bíríkì, mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Wọ́n ní àyà ló pa á. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta." Ó tún ní, "Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún mi." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ká a, ó fi sápò, ó bọ́ sí bọ́ọ̀sì.

Ó lọ sí ọsibítù lóṣù náà. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti kún fún àpá, àpá náà á sì máa pọ̀ sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú eruku mọ́. Ó ní kò sí oògùn tó lè yọ ọ́. Ó tún lọ bá agbẹjọ́rò kan. Agbẹjọ́rò náà gba ìwé tí mo tẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í pé, "Ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́?" Iléeṣẹ́ ti túká, ẹni tó ni ín ti kú, ọkùnrin tó máa ń mú ìwé wá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Eck ní òun kò ní ẹnì kan láti dárúkọ.

Pettigrew ṣe ohun tó lè ṣe. Ó ní kí Eck sinmi fún ọdún kan, Eck kọ̀. Ó ní àwọn á wá yàrá fún un ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ iná kò ṣeé gbé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ọdún karùn-ún. Iṣẹ́ tí Eck mú fún oyè másítà ni bíríkì iná ìléru tí kò ní sí yanrìn nínú rẹ̀ rárá. Èmi ni mò ń wọn ìyẹ̀fun fún un, òun ń dúró lókèèrè pẹ̀lú ìbòmú, ó ń pàṣẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan mo sọ̀ kalẹ̀ lọ mu tíì, mo bá a lórí àtẹ̀gùn àjà kejì. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Da, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń wo èrò." Ó mí. Ó tún mí. "Láti aago mẹ́sàn-án ni."

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé báàgì, ó sì gbé e fún mi. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. A sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo pe takisí fún un. Kò padà wá mọ́.

Mo bá a parí bíríkì méjì tó kù. Ọ̀kan fọ́ túútúú nínú iná. Èkejì dúró. Ní oṣù kejì, mo ya àwòrán rẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Auchenlarrie, mò ń rò ó lọ́nà bí inú rẹ̀ á ṣe dùn.

Senga ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin kúkúrú tí ojú rẹ̀ pọ́n. Eck wà nínú àga níwájú tẹlifíṣọ̀n, rọ́bà atẹ́gùn wà ní imú rẹ̀, ó ń wo eré ẹṣin. Ó ti gbẹ. Mo kó àwòrán lé e lẹ́sẹ̀.

"Ó dúró, Da! Gbogbo ìwọ̀n ooru tí ẹ ní kí n lò ni mo lò, kò là rárá."

Ó gbé e sókè, ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àwòrán ọmọ aládùúgbò.

"Ó dára," ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Ishbel, má bínú. Kò wọ̀ mí létí mọ́. Mo ní mo fẹ́ mọ̀. Mo ti mọ̀. Kí ni mo wá fi ṣe?" Ó yí ojú padà sí àwọn ẹṣin.

Mo tẹ̀lé Senga lọ sí ilé ìdáná. Ó bu tíì fún mi, ó fẹ̀yìn ti síǹkì.

"Tẹ́lẹ̀, tó bá húkọ́, a máa ń sọ pé ikọ́ lásán ni. Á yí ẹ̀gbẹ́, á sùn. Ní báyìí ó ti mọ orúkọ rẹ̀, kò sùn mọ́. Ó ń fetí sí inú ara rẹ̀." Ó wò mí. "Ìwọ lo fi ẹ̀rọ wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò bá ẹ jà o. Mu tíì rẹ."

Mo mu tíì náà tán bó tilẹ̀ ń jó mi lẹ́nu.

Ní oṣù keje mo gba oyè másítà mi. Wọ́n fi ìwé oyè ọlọ́dún mẹ́rin ránṣẹ́ sí Eck nínú àpòòwé. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ṣe tíì àti sọ́séèjì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó bá a sun bíríkì jókòó sídìí tábìlì kan. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti Glasgow. Mo lọ bá ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀, Wattie Scoular, mo ní kó jọ̀ọ́, kí gbogbo wọn lọ ya àwòrán àyà wọn, torí eruku náà kì í ṣe amọ̀, mo ti wò ó, mo rí i.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó húkọ́ sínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

"Ìwọ ni ọmọbìnrin ẹ̀rọ yẹn."

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ mi, àtìgbà tí Tam ti kú la ti mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Kí ni à bá ṣe? Ibo ni à bá lọ?" Ohùn rẹ̀ kò le sí mi rárá. "Eck nìkan ló ní òun gbọ́dọ̀ rí i nínú ìwé."

Ó sún àwo sọ́séèjì mọ́ mi, ó ní kí n jẹun, pé ọ̀nà mi jìn. Mo mú ẹyọ kan. Àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Nígbà tí bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin dé, mo dágbére fún Senga, mo sì wọkọ̀.