Ìbọn Onígi Mujeedat

Ẹ bá mi wo àwọn onífíìmù yìí ná! Wọ́n ní ìbọn onígi ń dójú ti àwọn. Ìbọn tí Mujeedat fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ní Malu Road, tó fi sáńpépà bó títí tó fi ń dán, tó wá kùn ún lọ́dà dúdú débi pé ẹni tó bá rí i lókèèrè á sá wọlé. Òun náà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Irú ìbọn tí Stanley, dàírẹ́tọ̀ wọn, ní òun fẹ́ kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni, èyí tí ikùn rẹ̀ máa ń yí bírí, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ọdẹ ló ń jẹ, èyí tó sanra bí àtàǹpàkò àgbà. Inú fíìmù òyìnbó ni Stanley ti rí i. Akọni á fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e, á yìn ín, ọ̀tá á fò gba ojú fèrèsé jáde, ọwọ́ akọni kò sì ní mì. Mujeedat wo ibẹ̀ lórí fóònù títí ojú fi ń ta á, kó lè gbẹ́ ẹ bó ṣe rí. Bó ṣe ń wò ó ló ń pòṣé. Ìbọn wo ni wọ́n ń yìn tí ọwọ́ kì í mì?

Ó nídìí tó fi ń pòṣé. Bàbá rẹ̀, Àjàmú, ti fìgbà kan ṣọ́ páàkì tírélà ní Coconut. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò rọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta lọ. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni bàbá fi ń jẹun, ìtìjú ọwọ́ òsì yìí kò sì jẹ́ kó jókòó ti abọ́ kan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́. Mujeedat ló ń bá a gé ẹran. Wọ́n ṣì ń pọn Tèmítọ́lá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, nígbà náà. Bó ṣe gbọ́njú ló bá ọwọ́ bàbá bẹ́ẹ̀, kò sì fi ṣe ọ̀rọ̀.

Tèmítọ́lá yìí kan náà ló wá di akọni inú fíìmù Stanley. Inú Mujeedat dùn débi pé ó sọ fún gbogbo Malu Road. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìran ìbọn lọ́dọ̀ wa. Òṣèré á na ìbọn onígi síwájú, á fi ẹnu ara rẹ̀ pariwo "Gbòà!" kí ẹni tó máa ṣubú lè mọ ìgbà tó yẹ kó ṣubú. Tó bá yá ni wọ́n á wá fi ìró gidi sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Tèmítọ́lá pariwo "Gbòà!", ṣe ni gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Ojú ti ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn, kò lè ṣe é dáadáa mọ́, Stanley sì ti ń sọ pé bóyá kóun wá ẹlòmíràn.

Ni Ovie, ọ̀rẹ́ Stanley, bá lọ wá ìbọn gidi. Lọ́jọ́ tí àwọn àti Mujeedat wọkọ̀ ojú omi lọ sí Snake Island láti ya ìjà ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ọkọ̀ kan tó ti dípẹtà, ló yọ ọ́ jáde nínú àpò ìrẹsì.

"Ẹ wò ó! Alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ gẹ́lẹ́ bíi ti fíìmù. Mo ti da ọmọ ọta inú ẹ̀ nù. Ariwo àti èéfín nìkan ló kù."

Tèmítọ́lá gbà á, ojú rẹ̀ tàn. Mujeedat sáré sún mọ́ ọn.

"Gbé e sílẹ̀."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bà á jẹ́ fún mi."

"Mo ní kó o gbé e sílẹ̀!"

Stanley dá sí i. "Sisí Mujee, ìbọn yín dáa, àmọ́ ọmọ yìí ò lè fi ṣeré. Abeg, make we work."

Mujeedat kò bá a jiyàn. Ó lọ dúró gbọn-in síwájú kámẹ́rà, ó fàáké kọ́rí. "Brọ̀dá Stanley, èmi lẹ máa yà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé mi kúrò, màá padà wá."

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Ẹ so ó mọ́ nǹkan, kẹ́ ẹ fi okùn fà á. Tí ohunkóhun kò bá ṣe é, màá kúrò lọ́nà."

Wọ́n so ó mọ́ taya tírélà kan tí omi gbé wá sétí ọ̀sà, wọ́n sì lọ sá pamọ́ sẹ́yìn òkú ọkọ̀ náà. Ovie fa okùn. Gbòà! Èéfín rú túú. Ìbọn náà wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.

Ovie pàtẹ́wọ́. Tèmítọ́lá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ ti rí i báyìí."

Ojú ti Mujeedat, ká má parọ́. Ó wò ó pé ó lè jẹ́ òun lòun ń dí ọmọ náà lọ́nà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí irú ẹni tí Stanley jẹ́: ẹni tó ní kí òṣèré kan ṣáà mu omi, tó sì ń tún un yà títí ikùn ẹni ẹlẹ́ni fi kún.

"Ìgbà mélòó lẹ máa ń ya ìran kan, Brọ̀dá Stanley? Ẹ tún un yìn."

Wọ́n ráhùn, wọ́n tún un yìn. Kò sí ohun tó ṣe ìbọn náà. Stanley ń wo oòrùn.

"Ẹ tún un yìn," ni Mujeedat wí. Kò kúrò lójú kan.

Ìró ti ìkẹta yàtọ̀. Nǹkan kan ró gbàǹgà lára òkú ọkọ̀ tí wọ́n sá sí, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọjú, taya ti ya. Wọn ò rí ikùn ìbọn náà mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń dì í mú ti là sí méjì, ó wà nínú ẹrẹ̀, ó ń rú èéfín.

Tèmítọ́lá na ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó, ó ń ká ìka, ó ń tẹ́ ẹ.

"Ṣé bí ti bàbá ṣe rí nìyẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn." Omijé ti bọ́ lójú Mujeedat, kò sì nù ún.

"Sisí Mujee, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Stanley wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ovie kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Tèmítọ́lá lọ síbi tí àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ó mú ìbọn onígi jáde. Kò fi ọwọ́ kan gbé e bíi ti akọni òyìnbó. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú, ó dúró síwájú kámẹ́rà, ó sì fi gbogbo agbára pariwo: "Gbòà!"

Ọ̀tá ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká tún un yà," ni Stanley wí. Tèmítọ́lá tún un ṣe, ó tún tún un ṣe, títí ohùn rẹ̀ fi há, tí Mujeedat dúró tì í, tó ń wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lára ìbọn onígi náà.