Ríǹgì Tí Evaristo Ń Wá

Ọ̀sẹ̀ tí a sin bàbá mi ní Matanzas, ní Kúbà, gan-an ni awakọ̀ takisí kan, Evaristo, jí ẹ́ńjìnnì Chevrolet bàbá náà gbé. Ó ha nọ́ńbà ara rẹ̀ dànù, ó fi ọ̀dà búlúù kùn ún, ó gbé e sínú takisí rẹ̀, ó sì fi Wúńdíá Mímọ́ búra pé ìlú Camagüey lòun ti rà á. Àwọn awakọ̀ yòókù gbà á gbọ́. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Nígbà tó yá, takisí ń rú èéfín bí ààrò. Kò sí ríǹgì Chevrolet tó wọ̀ ọ́. Ló bá wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò mi, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń mu kọfí.

"Zenaida, àbúrò mi, bá mi wá ríǹgì."

"Ríǹgì kẹ̀, bọ̀dá? Ṣé ẹ tún fẹ́ gbéyàwó ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ti písítìn ni, jàre. Mo tú ẹ́ńjìnnì yẹn, písítìn katakata Rọ́ṣíà ni mo bá nínú ẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni bàbá mi gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀, tó ki písítìn katakata bọ̀: tara rẹ̀ ni.

Mo já ríǹgì katakata kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lórí ìṣó.

"Òun rèé. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀."

Ó nawọ́. Mo gbé e lé irin, mo fi òòlù rún un wómúwómú.

"Ó yá, olè, lọ ra òmíì ní Camagüey."