Dìde Lórí Àga Mi

Ọmọ mi ọkùnrin ní mo ti dàgbà jù. Lọ́yà là ń pè é nítorí ẹnu ẹ̀; sìmẹ́ńtì ló ń tà. Ó ní láti tútù la ti ń ká ẹja, pé èyí tó bá ti gbẹ, kíkán ló ń kán, pé kí ni ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ń wá lọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn. Mo ní èmi kì í ṣe ẹja. Mo ní kó máa ta sìmẹ́ńtì ẹ̀ lọ.

Ohun tó fà á nìyí. Abẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ti ń bá mi ránṣọ láti ọdún mẹ́rin. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mú, la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ran sípù sí aṣọ ìyàwó, sípù náà wọ́. Sípù lásán. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là: "Ọwọ́ burúkú lo gbé wáyé. O ò lè já mọ́ nǹkan kan láé."

 Ọmọ náà ká tépù ẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó jáde. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí n tó tún rí i.

Èyí tó dẹ́rù bà mí ni pé mo mọ ohùn yẹn. Kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ni ín. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ẹ̀ tó ní tìmùtìmù pupa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ bí kò ṣe òun. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń fọṣọ, èmi ni mò ń jẹun kẹ́yìn, lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ife bá fọ́, bí kì í tiẹ̀ ṣe èmi ni mo fọ́ ọ, ohun tó máa sọ nìyẹn: ọwọ́ burúkú lo gbé wáyé. Ó ti kú láti ogójì ọdún. Ohùn ẹ̀ ò bá a kú.

Oníbàárà mi kan, tíṣà ni, bá mi níbi tí mo ti ń tú sípù yẹn, omi lójú mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un tán, ó ní ìtọ́jú kan wà tó ń jẹ́ sikíímà, òun náà ti gbà á rí. Ó ní ọmọ tí kò bá rí ìkẹ́ tàbí ààbò tàbí ọ̀rọ̀ rere gbà, àìrí i yẹn á ya ìlà kan sínú ẹ̀, ìlà yẹn ló sì máa tọ̀ títí á fi darúgbó, láìmọ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣàlàyé mọ́. Pépà tí a fi ń gé aṣọ ló ń sọ. Bí èjìká pépà bá wọ́, gé ọgọ́rùn-ún aṣọ, ọgọ́rùn-ún èjìká ló máa wọ́. O lè máa tú u, kó o máa tún un rán títí ojú ẹ á fi fọ́. Pépà ni kó o lọ tún gé.

Ó kọ nọ́ńbà èèyàn méjì tó ń ṣe ìtọ́jú náà fún mi. Ìwé mi ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà, mo mọ̀ ọ́n. Tépù ló kọ́ mi.

Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí ẹnì kan bá ní aránṣọ lòun, ohun àkọ́kọ́ tí a ó bi í ni pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó yí inú aṣọ tó rán síta, ká wo ojú ìrán. Ohun tí mo ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn, ọkùnrin kan tó so táì, tí ọ́fíìsì ẹ̀ ń dán. Ó ní òun mọ sikíímà, kò sí èyí tí òun ò mọ̀. Mo ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní òun kà á nínú ìwé kan. Mo ní ta ló ń bá a wo iṣẹ́ ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, èmi ni mo fẹ́ yẹ̀ yín wò, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yẹ̀ mí wò."

Mo gbé báàgì mi. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá ka ìwé nípa aṣọ ò tíì di sísọ́ọ̀sì mú. Nígbà tí Lọ́yà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ó ní ṣé mo rí i, mo ti lé oníṣègùn. Mo ní ó ku nọ́ńbà kan.

Obìnrin ni èkejì, kò ju ẹgbẹ́ ọmọ mi lọ, gìgísẹ̀ bàtà ẹ̀ ti jẹ. Mo bi í ní ìbéèrè mi, inú ò bí i. Ó sọ ibi tó ti kọ́ ọ, ọdún méjì gbáko. Ó ní títí dòní, lóṣooṣù, òun ṣì ń gbé iṣẹ́ òun lọ fún ọ̀gá òun wò, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gba ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé mo ní sùúrù. Mo ní aṣọ ìyàwó ni mò ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí lára láti àádọ́ta ọdún. Ojú ìrán tiẹ̀ gún.

Ó di oṣù kẹta kó tó fa àga kan síwájú mi. Kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Ó ní kí n gbé ohùn yẹn jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà mo dìde dúró láìmọ̀, mo lọ fara ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà rí i. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó kọjú sí àga náà, ó ní: "Ọmọdé ni. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ ẹ̀. Ẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀ sí i mọ́ níṣojú mi." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó gbèjà mi bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ni ẹnu tèmi náà tó là.

"Dìde," mo ní. "Dìde lórí àga mi."

Láti ibẹ̀, ilé ìyá Abẹ́rẹ́ ni mo gbà lọ. Mo sọ fún ọmọ náà pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, wọ́n ti sọ ọ́ sí èmi náà kí eyín mi tó pààrọ̀. Irọ́ ni nígbà yẹn, irọ́ ni báyìí, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Ó bi mí bóyá ohùn yẹn ti lọ. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tó ń jókòó.

Ó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ kejì, ó gé apá aṣọ oníbàárà, apá òsì méjì. Aṣọ olówó ńlá. Mo rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé eyín mi. Mo yíjú sí àga òfìfo kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa.

"Dìde," mo ní.

Abẹ́rẹ́ rò pé òun ni mò ń bá wí, ó dìde, ojú ẹ̀ ti fàro.

"Ìwọ kọ́," mo ní. "Ìwọ jókòó."

Mo fa àga náà, èmi náà jókòó sí i, a tẹ́ aṣọ tó ṣẹ́kù sílẹ̀, a wá ibi tí apá ọ̀tún ti máa jáde. Ó jáde. Nígbà tó di ọ̀sán, mo jẹ oúnjẹ mi ní gbígbóná, lórí ìjókòó.

Lọ́yà ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹja. Ẹ bá mi sọ fún un pé ní Ọjọ́bọ̀, mo tún ń lọ.